Ẹni Tó Ń Fi Sínú, Kó Ronú Ẹni Tí Yóò Yọ Ọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ níbi ayẹyẹ ìgbòmìnira àwọn ọmọ iṣẹ́

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, alága ayẹyẹ yìí bi mí pé kí ni n ó sọ lé lórí. Mo ní n kò ní sọ ti ẹ́ńjìnnì, n kò sì ní sọ ti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Mo ní bí a ṣe ń fi nǹkan sínú nǹkan àti bí a ṣe ń yọ ọ́ ni. Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé ìyẹn náà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́?” Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá a lóhùn.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. Wọ́n gbé mótọ̀ kan fún mi, irú èyí tí iná ń yí, wọ́n ní kí n pààrọ̀ bíárìn rẹ̀. 6205 ni bíárìn náà. Mo gbé e lé orí ṣáàfù, mo fi hámà kàn án yíká títí ó fi jókòó. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mótọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbo oyin. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún kùn. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì ń pariwo kiri pé ayédèrú ni bíárìn tí wọ́n ń rà fún wa.

Àgbàlagbà kan wà ní sítọ̀ wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó mú bíárìn tí mo yọ, ó fi gíráńdà gé òrùka òde rẹ̀ sí méjì, ó nu gírísì kúrò, ó ní kí n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Mo rí àmì kéékèèké tó tò lọ lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ bíárìn ń gbà yí. Àlàfo tó wà láàrin àmì kan àti èkejì bá àlàfo àárín ọmọ bíárìn mu géẹ́. Bàbá náà ní, “Ṣé o rí orúkọ rẹ? Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀, kí mótọ̀ tó yí rárá.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjà nìkan ni ayédèrú. Ọwọ́ náà lè jẹ́ ayédèrú.

Ibo ni agbára ń gbà kọjá?

Ẹ jẹ́ ká tú bíárìn palẹ̀. Ó ní òrùka méjì: ti inú, tó di ṣáàfù mú, àti ti òde, tó jókòó sínú ilé rẹ̀. Àárín méjèèjì ni àwọn ọmọ irin róbótó wà, tí férémù tẹ́ẹ́rẹ́ kan pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Nínú 6205, ẹ mú 05 tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: mìlímítà 25 ni ihò inú rẹ̀. Òde rẹ̀ jẹ́ 52, ó sì nípọn tó 15. Bó bá jẹ́ 6208, ihò rẹ̀ á jẹ́ 40. Láti 04 lọ sókè ni òfin yìí ti ń ṣiṣẹ́; àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ ni ẹ ó há sórí: 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17.

Níbi mótọ̀, níbi tó jẹ́ pé ṣáàfù ló ń yí, wọn kì í jẹ́ kí ṣáàfù àti ihò bá ara wọn dọ́gba. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ṣáàfù fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ, bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Irun orí ènìyàn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé òrùka tó ń yí pẹ̀lú ṣáàfù gbọ́dọ̀ há mọ́ ọn. Bó bá dẹ̀, òrùka á máa yọ̀ lórí ṣáàfù, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ṣáàfù fúnra rẹ̀ á fi di àkísà.

Nítorí náà, ohun tó há kò ní wọlé láìsí agbára. Kò sí ẹni tó lè bá yín jiyàn ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀nà tí agbára náà ń gbà. Bí òrùka inú bá há mọ́ ṣáàfù, tí ẹ wá ń lu òrùka òde, agbára hámà kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gba ara àwọn ọmọ bíárìn lọ sí òrùka inú. Ọmọ róbótó kì í fi gbogbo ara kan ilẹ̀. Ojú kékeré kan báyìí ló fi ń kàn án. Gbogbo ìgbá hámà á wá kó jọ sí ojú kékeré náà, á sì dá ihò sí i. Ní ọdún 1900, ará Sweden kan, Johan August Brinell, gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń mọ bí irin ṣe le tó: ó ń fi ọmọ irin róbótó tẹ irin mìíràn, á wá wọn ojú ihò tó bá dá. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń pe àmì tí bàbá sítọ̀ fi hàn mí títí dòní. Ohun tí Brinell mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti fi dán irin wò ni èmi ń fi hámà ṣe láìmọ̀, lórí ohun tí wọ́n fi owó rà.

Òfin ibẹ̀ kò gùn, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín: òrùka tó há ni kí o tì. Bó bá há mọ́ ṣáàfù, ti òrùka inú. Bó bá há sínú ilé rẹ̀, ti òrùka òde. Bó bá há níbi méjèèjì, wá irin pẹlẹbẹ tí yóò tẹ òrùka méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin yìí kan náà ló wà fún yíyọ: èyí tó há ni kí o fà.

Páìpù, iná àti àgbàdo

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní àpótí tí òrùka àti páìpù oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n wọn bá ti bíárìn mu, pẹ̀lú hámà tí kì í ta padà. Bí owó yín kò bá ì tíì ká a, ẹ wá páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ á jókòó sórí òrùka inú nìkan, kó má kan ti òde. Kí ẹ gé e lójú títọ́, kí ẹ fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀, kí ẹ nù ún mọ́. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ wá máa lù ú láàrin gbùngbùn. Páìpù ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé wẹ́dà yìí ni ohun èlò tó yẹ kí n ti ní ní Ìkẹjà. Owó rẹ̀ kò tó owó bíárìn kan, mo sì ti ba mẹ́ta jẹ́.

Bíárìn bá ti tóbi, hámà kò wúlò mọ́. Ooru ló kù. Irin máa ń wú bó bá gbóná: ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan lọ sókè, irin tó gùn ní mítà kan á fi nǹkan bíi 0.012 mìlímítà gùn sí i. Ẹ mú bíárìn tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, ẹ fi ìwọ̀n 80 gbé ooru rẹ̀ sókè. Ihò náà á fi nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ṣí. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ á gbé e bọ ṣáàfù bí ẹni ń wọ agbádá. Bó bá tutù, á dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀. Bíárìn kì í ṣe àgbàdo tí a ń sun. Mo ti rí ẹni tó tan iná gáàsì sí i títí ó fi pọ́n. Irin tí wọ́n ti fi iná àti ọ́ìlì sọ di líle nílé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ ti fi iná yín sọ ọ́ di rírọ̀ padà. Nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 110 ni ó tó fún un. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 120. Èyí tó bá ní ìdérí rọ́bà, tí gírísì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò yẹ kó tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tí ń fi agbára iná mànàmáná mú bíárìn gbóná láti inú ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ iná kankan. Ó máa ń dúró bó bá ti dé ibi tí wọ́n ní kó dé, á sì mú agbára òòfà kúrò lára rẹ̀ kó má baà máa fa èérún irin mọ́ra.

Yíyọ ju fífi sí lọ

Ọjọ́ tí a ń fi sínú, nǹkan mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí a ń yọ, ìpẹtà ti dé, eruku ti di amọ̀, gírísì ti gbẹ. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ bí wọ́n ṣe ń yọ jìgá. Ìyá kò ní fi ìbínú tú u. Á fi orí abẹ́rẹ́ là á yíká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àpò rẹ̀ má bẹ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi jáde lódindi. Bó bá bẹ́ sínú, ẹsẹ̀ ló ń san gbèsè. Alágbẹ̀dẹ náà, kì í ṣe òòlù àti owú nìkan ló ní. Ó ní ẹ̀mú, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó ti wọ inú iná, ọwọ́ ènìyàn kò lè yọ ọ́. Ìyẹn náà ni àwọn àgbà ń wí tí wọ́n fi ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀mú tiwa ni púlà. Ó ní apá méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ ní ṣóńṣó bí èékánná àṣá, pẹ̀lú bóòtù gígùn láàrin. Apá á lọ há sẹ́yìn bíárìn, orí bóòtù á tẹ ojú ṣáàfù. Bí ẹ ti ń yí bóòtù, ẹ ń ti ṣáàfù, ẹ sì ń fa bíárìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò èrè rẹ̀. Bí sípánà bá gùn ní mìlímítà 200, tí ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ yín ti rin nǹkan bíi mìlímítà 1,256. Bí eyín bóòtù bá jẹ́ 1.5, bóòtù kò rìn ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ. Ìrìn ọwọ́ fi ìlọ́po tó lé ní 800 ju ti bóòtù lọ, agbára sì ń pọ̀ sí i níbi tí ìrìn ti dín kù. Lóòótọ́, irin tó ń ha irin á jẹ púpọ̀ nínú èrè náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi gírísì pa eyín bóòtù. Síbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ju ohun tí hámà lè ṣe láìba nǹkan jẹ́ lọ.

Níbi tí àyè bá wà, ẹ lo alápá mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Alápá méjì máa ń fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ tó yí bóòtù rárá, ẹ wò ó bóyá òrùka ìdènà kékeré wà lójú ṣáàfù tàbí nínú ilé bíárìn, èyí tí a fi ẹ̀mú onímú tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ. Mo ti rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n fi òwúrọ̀ kan gbáko bá bíárìn jà, tí òrùka ìdènà wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Púlà tó ti há, ọrun tí a fà ni. Bí apá rẹ̀ bá já, yóò fò. Ẹ wọ gọ́gù, ẹ fi aṣọ nínípọn bo ibẹ̀, ẹ má ṣe dúró sí ojú ibi tó dojú kọ.

Agbára kò ní ojú

Púlà ní òpin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pirẹ́ẹ̀sì kàn. Ní 1795, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe àgádágodo, Joseph Bramah, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi omi tẹ nǹkan. Àṣírí rẹ̀ ni pé bí a bá ti omi tó wà ní ìdè, ibi gbogbo ló ń tì padà bákan náà. Bí ẹnu kékeré bá fẹ̀ ní 1, tí ńlá fẹ̀ ní 10, ojú ńlá fi ìlọ́po 100 ju ti kékeré lọ. Ẹ fi ìwúwo kílò 50 tẹ kékeré, ńlá á tẹ̀ bí ẹni pé kílò 5,000 jókòó lé e. Lónìí, ọ́ìlì ló wà nínú pirẹ́ẹ̀sì àti jáàkì yín dípò omi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bramah kò yí padà.

Àwọn tí wọ́n ní pirẹ́ẹ̀sì ní ọgbà mẹkáníìkì wa ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí. Nígbà tí wọ́n bá gbé bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ wá, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ ó tẹ bíárìn sínú ilé rẹ̀, ẹ ó sì tẹ òrùka òde. Èkejì, ẹ ó tẹ họ́ọ̀bù sínú bíárìn. Níbi èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ bíárìn tuntun ti ń kú kó tó rí títì. Họ́ọ̀bù há mọ́ òrùka inú. Bí ẹ kò bá fi páìpù gbé òrùka inú dúró lábẹ́, tí ẹ fi ilé bíárìn jókòó lórí irin, agbára á tún gba ara àwọn ọmọ bíárìn kọjá. Pirẹ́ẹ̀sì kò ní pariwo bíi hámà, nítorí náà ẹ kò ní mọ̀. Oníbàárà ló máa mọ̀, ní ọ̀nà Ìbàdàn, nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Agbára kò ní ojú. Ẹni tó ń lò ó ni ojú rẹ̀.

Ẹnu méjì, irinṣẹ́ kan

Kí ẹ̀yin rewáyà má rò pé n kò bá yín wí. Nínú kọnẹ́tọ̀ ni ahọ́n kékeré kan wà tó ń di píìnì mú. Bí ẹ bá fa wáyà, ahọ́n náà á tún di í mú gírí sí i, títí wáyà á fi já tàbí ilé píìnì á fi fọ́. Irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́ jẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ àyíká píìnì, tó ń tẹ ahọ́n náà lulẹ̀, tí píìnì á wá jáde fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ní ti ike ẹlẹ́nu méjì: ẹnu aláwọ̀ ni wọ́n fi ń ti píìnì wọlé, ẹnu funfun ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Àwọ̀ sì ń sọ ìwọ̀n píìnì: pupa fún 20, búlúù fún 16, yẹ́lò fún 12. Ẹni tó ṣe irinṣẹ́ yìí kò pín fífi sí àti yíyọ sí ọwọ́ ènìyàn méjì. Ó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn kan ṣoṣo.

Ẹ má wulẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú láti rí irú rẹ̀. Ó wà lápò fọkanáísà tó wà ní ìdí igi ní ìkóríta yín. Ohun kékeré tó fi ń yọ ọkàn fáàfù táyà, òun náà ló fi ń dá a padà. Yí i síhìn-ín, ó jáde. Yí i sọ́hùn-ún, ó wọlé. Ní 1893 ni George Schrader gba ìwé àṣẹ lórí irú fáàfù náà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan á fẹ́ yọ ọkàn rẹ̀, ó sì ti gé ojú irinṣẹ́ náà sí i kó tó jáde nílé.

Ibi tí mo ń bọ̀ láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi dúrọ́ọ̀mù bíréèkì Toyota parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tú u láti ọjọ́ yìí, ẹ rántí pé ihò kéékèèké méjì wà lójú rẹ̀, tí kò ní bóòtù nínú. Kí ni ẹ rò pé wọ́n wà fún? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́, wọ́n ní atẹ́gùn ni. Rárá o. Wọ́n ní eyín nínú. Bóòtù mìlímítà 8 méjì ló ń lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá yí wọn wọlé, kí ẹ máa yí wọn ní díẹ̀díẹ̀, kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n á ti họ́ọ̀bù lẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù á sì jáde fúnra rẹ̀ láìsí hámà. Púlà ni. Ẹni tó ṣe dúrọ́ọ̀mù ti fi púlà sínú rẹ̀, nítorí ó ronú nípa ọmọ iṣẹ́ kan tí kò mọ̀, ní ìlú tí kò dé rí, tí ìpẹtà á fojú rẹ̀ rí màbo. A sì ń fi hámà lu ẹ̀bùn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òmìnira, ohun tí ẹ bá fi sínú lónìí, ẹlòmíràn ni yóò yọ ọ́. Bóyá ó ṣì wà ní pírámárì báyìí. Ẹ nu ojú ṣáàfù kí ẹ tó fi nǹkan sí i, kí ẹ fi ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò tí a fi ń yọ nǹkan. Ẹ má fi wẹ́díǹ lẹ ohun tí bóòtù tó. Nígbà tí ẹ bá sì di ọ̀gá, ẹ má ṣe bi ọmọ iṣẹ́ yín pé “Ṣé ó ti wọlé?” Ẹ bi í pé, “Ibo ni o gbà fi sí i?”

Ààbọ̀ òrùka tí bàbá sítọ̀ gé fún mi nìyí. Mo ti gbé e nínú àpótí irinṣẹ́ mi láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ó yí gbọ̀ngàn yìí ká, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bó bá dé ọwọ́ rẹ, gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí o wo orúkọ mi tí mo fi hámà kọ síbẹ̀.